Ẹṣin Tí Dádì Ń Kàn ní Gáréèjì

Ọdún tí bẹntiróò wọ́n gógó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọdún náà ni Dádì ti mọ́tò Pijó wọn jáde kúrò nínú gáréèjì, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n sì sọ gáréèjì di ilé iṣẹ́ káfíńtà. Bódìjà ni ilé wa wà, ní òpópónà kan tí ó parọ́rọ́ ju ti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ, àmọ́ ọjà pákó kò jìnnà sí wa. Láti àárọ̀ ni ayùn ńlá àwọn onípákó ti máa ń ké, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á tún wálẹ̀, bí ọmọ tí ó ń sunkún tí ó ń sinmi láàárín. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ayùn náà á dákẹ́ lójijì, ìgbà yẹn ni a máa ń gbọ́ ilé tiwa: ẹ̀wà tí Màmá àgbà ń ṣà, tí ó ń bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwo páànù, àwọn adìyẹ tí ń walẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, Mọ́mì tí ń gún iyán, nítorí pé ará Èkìtì ni wá, ohunkóhun tí ì báà wọ́n nílùú, iyán kò gbọdọ̀ wọ́n nílé wa. Láti ọdún yẹn ni ohùn kan ti kún àwọn ohùn wọ̀nyí, ohùn ìfági tí Dádì fi ń fá pákó kí ó lè dán. Á lọ ṣáà, ṣáà, á dákẹ́, a ó mọ̀ pé wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú pákó náà wò, á tún bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Challenge tí mo ń gbé báyìí, tí òórùn pákó tuntun bá kọlù mí, mo máa ń dúró díẹ̀. Ẹni tí ó bá rí mi á rò pé inú mi ń dùn ni.

Dádì kì í ṣe káfíńtà. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, pẹ́ńsù kì í sì í kúrò nínú àpò àyà wọn. Bàbá tiwọn ni ó jẹ́ káfíńtà ní ìlú wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń mú ayùn kí wọ́n tó fi ìwé kíkà bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ènìyàn tí gbogbo nǹkan rẹ̀ máa ń gún régé ni wọ́n. Bí wọ́n bá gé búrẹ́dì, bákan náà ni gbogbo ègé rẹ̀ á ṣe nípọn. Díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àga kan bá yà kúrò lórí ìlà, àwọn ni yóò dìde lọ tún un tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, kò sí ẹni tí ó lè bá wọn yí i padà, àwọn fúnra wọn kò sì jẹ́ yí i padà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹyin lohùn, pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò tún ọ̀rọ̀ òun ṣà nílẹ̀, kí ó má wulẹ̀ jẹ́ kó bọ́. Nígbà èwe mi, agbára ni mo ka ìyẹn sí. Mo máa ń fi yangàn nílé ìwé pé bàbá mi kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Fọlákẹ́ ni àkọ́bí wọn, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ kò gbà kí n máa pe òun ní àǹtí, ó ní orúkọ òun dùn lẹ́nu mi. Màmá àgbà bínú sí i títí, ó sú wọn. Dókítà ni Fọlákẹ́ fẹ́ dà. Dádì tilẹ̀ ti ya àwòrán ilé ìwòsàn kékeré tí wọn yóò kọ́ fún un, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, tòun ti àtẹ̀gùn àti ibi tí àwọn aláìsàn yóò jókòó sí. Ó kù díẹ̀ kí ó parí ní yunifásítì ni ó lóyún fún Wálé, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ó ń gbé yàrá kan ní Ẹlẹ́yẹlé. Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn ni ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Dádì kò pariwo. Wọ́n ní, “Máa lọ bá ẹni tí o yàn. Má sì tẹ ilé yìí mọ́ títí n ó fi pè ọ́.” Fọlákẹ́ dìde, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde. Ìrẹsì ọjọ́ náà tutù sórí tábìlì. Dádì nìkan ni wọ́n jẹ tiwọn tán, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ìṣe wọn. Ohun kan ni Mọ́mì kò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bàbá Fọlákẹ́ ni wọ́n ti ń pe ọkọ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí Fọlákẹ́, wọn kò yí i padà, Dádì náà kò sì ní kí wọ́n yí i padà. Nípa bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ orúkọ ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé: Bàbá Fọlákẹ́, omi ti gbóná o. Bàbá Fọlákẹ́, oúnjẹ ti délẹ̀.

Nínú ọyẹ́ ni Fọlákẹ́ bímọ. Mọ́mì sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́, pé ọkùnrin ni, pé Olúwatóbi ni wọ́n sọ ọ́. Dádì ní kí n bá àwọn na ọwọ́ mú iyọ̀ wá. A rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ti mọ́tò jáde kúrò nínú gáréèjì, tí wọ́n lọ ra pákó àrère àti igi àpá lọ́jà, tí àwọn alábàárù fi orí rù ú dé ẹnu gẹ́ètì wa. Mọ́mì rò pé àga ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ kàn. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbá èérún pákó tí ó ká lọ́rí bí irun ọmọ tuntun, Màmá àgbà á sì ní kí n kó o wá fún àwọn láti fi dáná. Màmá àgbà yìí, ìyá tí ó bí Dádì, ni wọ́n kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Èkìtì pọ́ńbélé ni wọ́n máa ń sọ. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn ní Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ, nítorí pé tiwọn ti bọ́ lẹ́nu mi, ìyẹn náà wà lára ohun tí ó ń dùn mí. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wo orí tí Dádì ń gbẹ́, wọ́n sì bèèrè pé, “Ṣé ewúrẹ́ lò ń gbẹ́ ni?” Dádì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹṣin ni, ẹṣin tí ọmọdé lè gùn, tí yóò máa fì síwá sẹ́yìn lórí igi méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Màmá àgbà bèèrè pé ọmọdé wo ni yóò gùn ún, ṣebí èmi ni mo kéré jù nílé, ẹsẹ̀ mi sì ti gùn bí ti lékèélékèé. Dádì mú sáńpépà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra etí ẹṣin náà. Màmá àgbà padà sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò bèèrè mọ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àwo ẹ̀wà wọn wá sí ìtòsí gáréèjì, tí wọ́n ń ṣà á níbẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé ni Mọ́mì àti èmi máa ń lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ọjà ni wọ́n máa ń sọ pé a ń lọ. Wọn á di èlùbọ́, epo àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì, ẹni tí ó sì ń lọ sọ́jà kì í di ẹrù lọ, gbogbo wa la mọ̀. Dádì á wo báàgì náà, wọn á ní, “Ẹ kí wọn lọ́jà o.” Ìkíni tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Yàrá Fọlákẹ́ kéré, ó mọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé Wálé kì í ṣe ẹni burúkú. Òun ni ó máa ń fọ aṣọ ọmọ, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì títí Mọ́mì á fi ní ó tó, ẹ dìde. Nígbà tí Tóbi bẹ̀rẹ̀ sí í di àga mú dìde, Dádì pè mí sí gáréèjì. Wọn kò wò mí lójú. Wọ́n bi mí pé ọmọ tó ń dìde, níbo ni orúnkún rẹ̀ máa ń dé lára ènìyàn? Mo nawọ́ sí ara ẹsẹ̀ mi, mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, bí a ṣe ń jáde, wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ó lè wúlò.

Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Bí a ṣe dé Ẹlẹ́yẹlé, mo na okùn náà láti ìbàdí Tóbi dé gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Fọlákẹ́ bi mí pé kí ni mò ń ṣe fún òun lọ́mọ. Mo sọ fún un pé Dádì ni, pé wọ́n ń kan ẹṣin. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Lẹ́yìn náà, ó gba okùn náà, ó tún ọmọ rẹ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì ta kókó sí ibi tí ó yẹ kí kókó wà, ó fún un dáadáa. Nígbà tí mo fi okùn náà lé Dádì lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ kókó náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ta á. Mo rò pé wọn yóò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n lọ wo Màmá àgbà, bóyá wọ́n nílò omi. Bí mo ṣe ń ronú lé e lórí nísinsìnyí tí èmi náà ti bímọ, ó dà bíi pé bàbá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, okùn ló ń bá wọn rìn. Ohun tó kù kò ju kí ẹnìkan la ẹnu lọ.

Orí ẹṣin náà kò tẹ́ Dádì lọ́rùn. Wọ́n gbẹ́ òmíràn, kòkòrò jẹ ẹ́. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ̀kẹta, wọ́n ní wọn kò lè máa fi ẹṣin inú ìwé gbẹ́ ẹṣin. Pápá kan wà ní ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé tí àwọn ènìyàn ti máa ń gun ẹṣin nírọ̀lẹ́. Dádì mú mi dání, a wọ takisí lọ, a jókòó sórí koríko, wọ́n ń fi pẹ́ńsù ya ọrùn ẹṣin, wọ́n ń ya imú rẹ̀ àti bí etí rẹ̀ ṣe ń yí síbí sọ́hùn-ún. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, wọ́n ra ẹ̀pà fún mi, wọ́n ń fi bí egungun ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe so pọ̀ hàn mí. Nígbà tí a ń padà, awakọ̀ gba ọ̀nà mìíràn nítorí àwọn ọkọ̀ tí ń tò sí ilé epo, a sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò Fọlákẹ́. Ó dà bíi pé mo mí lọ́nà tí Dádì gbọ́, nítorí wọ́n ní kí awakọ̀ dúró. Wọ́n bi mí bóyá ibẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ilé náà hàn wọ́n, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, aṣọ ọmọ wà lórí okùn níwájú rẹ̀. Dádì wo àwọn aṣọ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò, mo sì ti ń yọ̀ nínú mi pé n ó sáré ṣáájú lọ kan ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ní, “Bàbá, ṣé ẹ ó sọ̀ ni?” Dádì gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n ní, “Rárá. Mi ò tíì parí rẹ̀.” Awakọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó tanná sí mọ́tò, a sì lọ.

Láti ìgbà náà ni ìlérí kan ti wọ ilé wa. Mọ́mì ni wọ́n gbà á lẹ́nu Dádì. A ń jẹ iyán lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́mì ní ẹsẹ̀ Màmá àgbà ti ń wú, pé wọn kò lè wọ takisí lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ lè lọ, wọn kò ní lọ lẹ́yìn ọmọ wọn tí ó ni ilé. Màmá àgbà ń bọ́ òkèlè kékeré sínú ọbẹ̀. Dádì ní bí ẹṣin náà bá ti parí, àwọn yóò ránṣẹ́ pè wọ́n, tọkọtaya àti ọmọ, wọn yóò sì jẹun nílé yìí. Mọ́mì ní, “Bàbá Fọlákẹ́, ọmọ kì í dúró de káfíńtà.” Dádì ní iṣẹ́ tí a kò bá ṣe dáadáa, ìtìjú ẹni tó ṣe é ni. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wa ń wo ẹṣin náà bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ pupa, wọ́n ní ó pupa jù, wọ́n họ ọ́ dànù. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n lọ sí Sábó lọ ra awọ tí wọ́n fi ṣe gàárì, wọ́n rán an, wọ́n tú u, wọ́n tún un rán. Ní tòótọ́, ó dára. Mi ò tíì rí ohun tí ọwọ́ ṣe tí ó dára tó o láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá fi ìka kan tì í, á máa fì lọ fì bọ̀ láìṣe ariwo. Ní gbogbo àkókò yìí, Tóbi ti ń rìn, ó ti ń sáré, ó ti mọ orúkọ mi pè. Nígbà èwe mi, mo gbà pé ẹṣin náà ni kò parí. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé bàbá mi ń bẹ̀rù ni. Tí ẹṣin bá parí, wọn yóò ní láti pe ọmọ tí wọ́n lé jáde, wọn yóò ní láti wò ó lójú, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò sọ lẹ́yìn “ẹ kú àbọ̀.”

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni Wálé rí iṣẹ́ kan sí Kàdúná. Mọ́mì sọ ọ́ fún Dádì láìfi bò, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kó lọ. Dádì kò lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tí ó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ náà, ìyẹn kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Inú gáréèjì ni wọ́n wà. Ọ̀dà kò tètè gbẹ nítorí òjò. Wọ́n fi ìko ṣe irun ọrùn ẹṣin náà, wọ́n fẹ́ fi ìyókù ṣe ìrù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Mọ́mì ní Jímọ́ọ̀ pé kí wọ́n ra adìyẹ sílẹ̀, pé lọ́la, kí àwọn ọmọ náà tó lọ, àwọn yóò rán mi lọ pè wọ́n. Mọ́mì ra adìyẹ méjì. Màmá àgbà ní kí wọ́n bá àwọn yọ aṣọ òkè wọn jáde nínú àpótí.

Àmọ́ Fọlákẹ́ kò dúró kí a pè é. Mi ò tíì gbá ilẹ̀ tán lọ́jọ́ Sátidé náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fi dúró lẹ́nu gẹ́ètì, ibùsùn, tábìlì àti sítóòfù wà lẹ́yìn rẹ̀, Wálé jókòó láàárín wọn. Fọlákẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé Tóbi lọ́wọ́. Mọ́mì ṣí gẹ́ètì sílẹ̀ gbayawu. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ kí Mọ́mì níta, lórí iyanrìn, kò gbé ẹsẹ̀ kọjá irin ìsàlẹ̀ gẹ́ètì náà. Ó ní òun kàn ní kí òun dágbére ni. Mọ́mì ní kí n sáré lọ sọ fún Dádì. Mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin náà, wọ́n ń ki ìko bọ inú ihò tí wọ́n lu fún ìrù, gọ́ọ̀mù wà ní gbogbo ìka wọn. Mo ní Fọlákẹ́ ti dé o. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, “Sọ fún wọn kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Ìrù ló kù.”

Mo sáré padà lọ jíṣẹ́. Fọlákẹ́ bi mí pé, “Ṣé wọ́n pè mí?” Mo dá a lóhùn pé wọ́n ní ìrù ló kù. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni pé ó yé e. Màmá àgbà ti ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì lára ògiri, aṣọ òkè náà wà léjìká wọn. Ìrìn náà pẹ́ kó tó dé gẹ́ètì. Awakọ̀ fun fèrè, ó ní òun fẹ́ kọjá Ìlọrin kí oòrùn tó mú, pé ọ̀nà jìn. Màmá àgbà gbé ọwọ́ lé Tóbi lórí, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n ní bàbá Dádì gan-an ni, káfíńtà náà, ó ti tún wáyé. Wọ́n súre fún un títí ohùn wọn fi rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ìta ni mo ti súre fún ọmọ ọmọ ọmọ mi.” Wọn kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. Mọ́mì fi wá sílẹ̀, wọ́n lọ dúró lẹ́nu gáréèjì, mo sì gbọ́ ohùn wọn, kò ga rárá: “Bàbá Fọlákẹ́, wọ́n ń lọ o.” Dádì ní kí wọ́n dúró, ó kù díẹ̀. Awakọ̀ tún fun fèrè. Fọlákẹ́ wo inú ọgbà wa, ó wo igi máńgòrò, ó wo ẹnu ọ̀nà gáréèjì fún ìgbà díẹ̀. Ó fẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wọ iwájú ọkọ̀, wọ́n lọ.

Bí Dádì ṣe ń jáde bọ̀, wọ́n gbé ẹṣin náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ìrù rẹ̀ pé, ó gún. Ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun òpópónà. Dádì mi kì í sáré, wọn a máa sọ pé ẹni tó bá tètè jáde kò nílò eré. Lọ́jọ́ náà wọ́n sáré. Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn kò padà mú un, èmi ni mo mú un tí mo ń tẹ̀lé wọn. A dé oríta, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù kankan mọ́, takisí àti àwọn ènìyàn tí ń lọ sọ́jà nìkan ló wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà kan dẹwọ́ eré, ó wo ẹṣin náà, ó ní, “Bàbá, ó mà dára o. Ṣé títà ni?” Dádì ní rárá, kì í ṣe títà. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n yí padà. Gọ́ọ̀mù ti lẹ ìka wọn mọ́ ara ẹṣin náà, nígbà tí a délé, omi gbígbóná ni Mọ́mì fi ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pa adìyẹ mọ́.

Wọ́n gbé ẹṣin náà sí pálọ̀, lábẹ́ ibi tí àwòrán ilé ìwòsàn wà tẹ́lẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n yọ àwòrán náà. Dádì kò kan ohunkóhun mọ́. Wọ́n fọ àwọn irinṣẹ́ wọn, wọ́n fi epo pa wọ́n kí wọ́n má dípàtà, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àpótí, mọ́tò sì padà sínú gáréèjì. Ní ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e, Màmá àgbà sùn, wọn kò jí. Wọn kò rí Tóbi mọ́ lẹ́yìn ti ẹnu gẹ́ètì yẹn. Kò sí fóònù níbi tí Fọlákẹ́ ń gbé, kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ti ti Èkìtì tí a lọ sin wọ́n dé. Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni Dádì wá rán ẹnìkan tí ń lọ sí Kàdúná, wọ́n ní kí ó sọ fún Fọlákẹ́ pé àwọn pè é, kí ó máa bọ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, kò le. Mo gbọ́ bí ó ṣe rọ̀ tó lẹ́nu wọn, ó sì ya èmi gan-an lẹ́nu. Fọlákẹ́ ní kí ẹni náà padà wá sọ pé òun gbọ́, òun dúpẹ́, àwọn ń bọ̀. Àmọ́ ẹni tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí ilé bàbá rẹ̀ kì í kánjú mọ́. Iṣẹ́ dé, àìsàn dé, owó ọkọ̀ ga, ọdún ń gun orí ọdún.

Mo ti fẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí Fọlákẹ́ àti Tóbi wá. Ọ̀sán ni. Tóbi ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ Haúsá pẹ̀lú Yorùbá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Dádì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Dádì dì í mú léjìká, wọ́n wò ó, wọ́n sì mú un lọ sídìí ẹṣin náà. Wọ́n ní tirẹ̀ ni. Ọmọ náà wo ẹṣin, ó wo ìyá rẹ̀, ó jẹ́ ọmọ tí a kọ́, nítorí náà ó gùn ún. Orúnkún rẹ̀ dé igbáàyà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹṣin náà kò lè fì. Ó ní ẹ ṣé, bàbá àgbà, ó dára gan-an ni. Ó dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà tí ó tó kí ó má bàa dà bíi pé ó yára sọ̀ kalẹ̀, ó sì bi mí bóyá òun lè lọ wo àwọn adìyẹ.

Ó ku Dádì, Fọlákẹ́ àti èmi ní pálọ̀. Dádì ń fi ọwọ́ pa gàárì náà. Wọ́n ní, “Ọjọ́ yẹn, mo ti parí rẹ̀ o. Ìrù nìkan ló kù.”

Fọlákẹ́ ní, “Mo mọ̀, Dádì. Ẹ̀ bá pè wá wọlé. Ọmọdé ì bá gùn ún láìnírù.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún àgbàlagbà pé òjò ti dá, ó dà bíi pé ìyẹn ni ó dun Dádì jù. Wọ́n ní, “Òótọ́ ni.” Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n gbọ́ tí Fọlákẹ́ ń wá bàtà ọmọ rẹ̀. Wọ́n dìde lórí àga wọn, wọ́n bi í bóyá wọn kò ní sùn ni, yàrá rẹ̀ ṣì wà, Mọ́mì ti tẹ́ ibùsùn sí i. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé Ring Road lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ òun ni àwọn ti já ẹrù sí, wọ́n ti ń retí àwọn, àmọ́ àwọn yóò tún yà kí wọn kí àwọn tó padà lọ.

Dádì ní ó dára. Wọ́n sìn wọ́n dé ẹnu gẹ́ètì, wọ́n kí Fọlákẹ́ bí a ṣe ń kí àlejò, pé ó ṣeun tí ó wá.